Abọ́ Lábẹ́ Ikùn Ewúrẹ́

Àbúrò ìyá mi ni ó la ikùn ewúrẹ́ náà. Alápatà ni, ẹran kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó kọ́kọ́ lóṣòó tì í, ó ń fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó ní òun kò rí i kí ikùn òkú ẹran le báyìí rí. Kì í ṣe pé a fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀, tí a kò dúńbú, kì í wọ ìkòkò nílé wa. Ìyá mi ló ní kí a là á. Òun ló ni ẹran náà, kì í sì í ṣe àkọ́kọ́ tó máa kú bẹ́ẹ̀: wọn á ṣàdédé kọ oúnjẹ, ikùn wọn á wú, wọn á fẹ̀gbẹ́ ti ògiri ilé ìdáná, wọn ò ní dìde mọ́. Ìyá mi fẹ́ mọ ẹni tó ń fún wọn ní májèlé jẹ. Ó tilẹ̀ ti ní aládùúgbò kan lọ́kàn, kò kàn tíì dárúkọ rẹ̀ ni.

Kò sí májèlé. Nígbà tí ọ̀bẹ wọlé, òórùn ló kọ́kọ́ jáde, òórùn koríko tó ti jẹrà mọ́ nǹkan tí kì í jẹrà. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà, ó tún fà, ó wá fa ìdì kan jáde tó tóbi tó orí ọmọdé. Láílọ́ọ̀nù ni. Sáṣẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ń di ẹja, àwọ̀n tí wọ́n fi ń di àlùbọ́sà, okùn àpò sìmẹ́ǹtì, ike omi tútù tí wọ́n ti fà mu, gbogbo rẹ̀ ti wé mọ́ra, ó ti di ọ̀kan, ó ń yọ̀, ó ń kán. Àbúrò ìyá mi, tó ń fọwọ́ kó ìfun lójoojúmọ́ ayé, lọ bì sẹ́yìn ògiri. Ìyá mi fi etí ìró rẹ̀ bo imú, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní "Àsítàgàfúrúláì," ó sì yí ojú kúrò.

Èmi náà, mi ò ní purọ́ pé ojú ọnà ni mo kọ́kọ́ fi wò ó. Ó rí mi lára débi pé itọ́ kún ẹnu mi, mi ò sì lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò ìyá mi da omi díẹ̀ sí ìdì náà kó lè rí i dáadáa, mo rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ikùn ewúrẹ́ náà ti tẹ àpẹẹrẹ ara rẹ̀ sí i lára. Ẹni tó bá ti fọ ṣàkì rí mọ àpẹẹrẹ tí mo ń sọ: ilé kékeré kékeré, onígun mẹ́fà, tó tẹ̀léra wọn bí afárá oyin. Ó wà lára láílọ́ọ̀nù yẹn kedere, pẹ̀lú ìtẹ́jú tí ọwọ́ èèyàn kò lè ṣe. Ẹran náà ti fi gbogbo agbára rẹ̀ gbìyànjú láti lọ oúnjẹ tí kò ṣe é lọ̀.

Ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń ṣa ohun tí àwọn èèyàn bá dà nù, mo máa ń rán an, mo máa ń fi iná yọ́ ọ, mo máa ń fi kọ́ ohun ńlá tí èèyàn lè wọ inú rẹ̀ lọ. Inú igbó àti inú oko ni mo ti ń rí àwòṣe. Mo ti fi táyà kọ́ ọ̀gán kan rí ní Àjàṣẹ́, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ wọlé bí ikán, á nà ró nínú òkùnkùn. Mo ti fi ìdérí ìgò kọ́ ìtẹ́ ẹ̀gà tí odindi ìdílé lè jókòó sí. Àwọn tó wá wò wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní, "Háà, kò jọ pàǹtí mọ́ rárá!" Ìyìn ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n á wá mu omi wọn tán, wọ́n á ju ike rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìtẹ́ ẹ̀gà mi. Mo ti rí èyí débi pé ọ̀rọ̀ "ó rẹwà" ti ń bí mi nínú bí èébú.

Torí náà, nígbà tí wọ́n sin òkú ewúrẹ́ náà sí ìdí ìbẹ́pẹ, mo ní kí wọ́n gbé ìdì náà fún mi. Ìyá mi wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọ̀gá kan láti ilé àṣà wá bá mi. Wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn kan fún àwọn ọmọ ilé ìwé, nípa igbó, oko àti ẹ̀dá tó wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí olúkúlùkù oníṣẹ́ ọnà fi pàǹtí ṣe ohun kan sí àdúgbò rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí ìyá mi gbé fún un, ó ń fi tẹlifóònù rẹ̀ hàn mí.

"La nàtíù, ìṣẹ̀dá, madáàmù," ó ní. "Òdòdó. Labalábá. Ẹyẹ. Oníṣẹ́ ọnà kan ní Kùtọnu ti fi agolo ṣe labalábá báyìí. Ẹ wò ó, séé bẹ́ẹ̀lì, ó rẹwà!"

Mo ní, "Ewúrẹ́ ńkọ́, ọ̀gá? Ṣé ewúrẹ́ kì í ṣe ẹ̀dá ni?"

"Ewúrẹ́ náà dára! Ẹ ṣe é ní funfun, kí àwọn ọmọ lè máa gùn ún."

"Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe. Ikùn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé, kí wọ́n dúró láàárín ohun tó ń jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Kí ó tó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣáà fọ gbogbo rẹ̀ dáadáa o, madáàmù, kó má rùn." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi pinnu pé mi ò ní fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbí. Ilẹ̀ wa ga, ilẹ̀ pupa ni, omi sì jìnnà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kànga àtijọ́ jìn débi pé tí okùn bá já, garawa náà lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ omi ti dé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wù ú ló ń yọ, ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í sábà wù ú. Omi òjò ni a fi ń gbé ilé. Àgbàrá orí páánù á gba inú ọ̀pá ṣàn lọ sínú sítẹ́ẹ̀nì, ihò ńlá tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀, tí a fi ìdérí irin bò. Sítẹ́ẹ̀nì ìyá mi ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí okùn ṣòkòtò abẹ́ ìró rẹ̀. Àwo kékeré kan ni gbogbo wa fi ń fọwọ́ kí a tó jẹun, a ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà ṣáájú, ọmọdé kẹ́yìn. Ìdọ̀tí omi yẹn, ewúrẹ́ ló máa mu ún, tí kò bá sí ọṣẹ nínú rẹ̀. Tí ọṣẹ bá wà nínú rẹ̀, ìdí ìbẹ́pẹ ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí i kí ìyá mi gbé omi sókè kó dà á sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó máa ṣàn lọ sílẹ̀. Ìwà àwọn ará etí odò ni, ó ní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó máa rí ohun tó tẹ̀ sísàlẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú tí kò ní gbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n gbé kòkò sábẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti rí i tí wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ agboòrùn olùkọ́ kan nígbà tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwa la mọ ara wa.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò pàǹtí dé sí gbangba ẹ̀yìn ilé wa, lẹ́bàá ọ̀nà Okpomèta, ìyá mi jáde wá, ó fa ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́. Kì í tú u sílẹ̀ mọ́. Ẹran náà lóyún, ó sì ti rù, torí pé ohun tí ìyá mi bá fọwọ́ ara rẹ̀ gé wá ló ń jẹ. Láti ìgbà tí ojú ìyá mi kò ti ríran tó láti lọ sóko mọ́, ẹran ni oko rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a la ikùn èyí tó kú yẹn, ó ti sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè pé tí eléyìí náà bá kú, òun kò ní sin mìíràn mọ́, òun á kàn jókòó. Mo mọ ìyá mi. Tó bá jókòó, ó jókòó nìyẹn.

"Omi mi kò ní fọ pàǹtí o," ó ní.

"Ẹ má ṣe ìyọnu, Ìyá. Mi ò fẹ́ fọ̀ ọ́."

Ó yà á lẹ́nu. "O ò ní fọ̀ ọ́? Báyìí ni wàá ṣe rán an?"

"Báyìí náà ni. Mo fẹ́ kó máa rùn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ bì, kó délé, kó má lè ju sáṣẹ̀ sílẹ̀ mọ́, kí ẹran yín lè rí ìta jáde sí."

Ó ronú sí i. "Wọn ò ní bì," ó ní, ó sì fa ẹran rẹ̀ lọ.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Mo ṣa àkìtàn ẹ̀yìn ọjà Kétu, mo ṣa ẹ̀gbẹ́ títì, mo ṣa ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti máa ń dúró jẹun. Mo tú sáṣẹ̀ tí ìdin wà nínú rẹ̀. Mo tú èyí tí orí ẹja wà nínú rẹ̀, èyí tí wàrà wàgáṣì kíkan wà nínú rẹ̀, àti ìlédìí ọmọ tí ẹni kan fara balẹ̀ wé, ó tilẹ̀ ta á ní kókó méjì, kó tó wá jù ú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Mo sábà máa ń ronú nípa ẹni tó ta kókó yẹn. Ọwọ́ mi ń rùn, irun mi ń rùn. Ìyá mi ya àwo mi sọ́tọ̀, ó ní kí n máa jẹun lábẹ́ igi bíi ti àlejò tí a kò mọ ìdílé rẹ̀.

Mo fi táyà ọ̀kadà kọ́ ọ̀fun: èèyàn á bẹ̀rẹ̀, á gba àárín wọn kọjá, á sì jáde sínú ikùn. Ọ̀pá irin ni egungun rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ àpò rán ike omi tútù mọ́ra wọn ní ìpele mẹ́rin mẹ́rin, mo gbẹ́ igi ní àpẹẹrẹ ṣàkì, mo tẹ́ wọn lé e lórí, mo fi iná èédú mú irin kan gbóná, mo ń tẹ̀ ẹ́ lé wọn títí gbogbo ara ògiri náà fi di ilé onígun mẹ́fà. Níwájú, mo so sáṣẹ̀ dúdú rọ̀ ní ewé ewé, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ikùn tí àwọn alápatà máa ń ṣí bí ìwé. Èèyàn ní láti fọwọ́ yà wọ́n kó tó lè kọjá, wọ́n á máa nu ìdọ̀tí ara wọn mọ́ ọn lójú. Ní àárín gbùngbùn, mo gbé ìdì tí ó jáde nínú ewúrẹ́ ìyá mi rọ̀ sí gíga ojú ọmọdé.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fẹ́ dá mi lágara. Láílọ́ọ̀nù kò lè dúró fúnra rẹ̀ sí òkè, ó ń rọ̀ wálẹ̀. Mo wá rántí bídọ̀n, kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko. Ní àwọn oko Kpankou àti Okpomèta, ẹ ó rí wọn nídìí igi, ewéko tútù ni àwọ̀ wọn, ike wọn sì le. Oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ló ń wà nínú wọn; wọ́n á fọ́n ọn tán, wọ́n á jù wọ́n síbẹ̀. Mo kó wọn, mo là wọ́n, mo tò wọ́n bí ìpẹ́ láti ọrùn dé ìdí ẹran náà, ìpẹ́ gun orí ìpẹ́, tó tẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Òórùn oògùn náà ṣì ń ta mọ́ mi lọ́fun bí mo ṣe ń rán wọn. Ó dára, mo ní lọ́kàn mi. Òkè lókè ni wọ́n wà, ọwọ́ ọmọdé kò lè tó wọn.

Nígbà tí ó parí, mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń retí kí àwọn èèyàn bì.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n gba ọ̀fun wọlé, wọ́n pariwo, wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé. Ọ̀kan lára wọn ń gbá ìdì ewúrẹ́ náà bí bọ́ọ̀lù. Oníkẹ́kẹ́ kan tó ń kó kpayó, epo fàyàwọ́, wọlé, kò jáde. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó ti na gbalaja, ó ń hanrun lábẹ́ ewé dúdú wọ̀nyẹn, ó ní ibẹ̀ tutù. Ìyálé ilé kan tó ń bọ̀ láti ọjà gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn wọlé, ó yí ká, ó fọwọ́ pa ṣàkì náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ọwọ́ yín mà dáa o."

"Ṣé kò rùn sí yín?"

Ó fa imú. "Rárá o. Bí ọjà náà ni."

Bí ọjà náà ni! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Òórùn tó mú ìyá mi fi ìró bo imú, tó mú alápatà bì, òun ni wọ́n ti ń mí sínú láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé òórùn ni. Ara mi kọ̀ wọ́n. Mo ń wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń fi eyín já ìdí ike omi, tí wọ́n ń fà á mu, tí ọwọ́ wọn ń là, tí ike náà ń bọ́, tí ojú wọn kò tilẹ̀ tẹ̀lé e. Mo ń ṣa á lẹ́yìn wọn. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi nìkan ni kò wọ ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ gé koríko, okùn ẹran lọ́wọ́, ojú rẹ̀ tọ iwájú gán-án. Ewúrẹ́ náà bímọ ní ọ̀sẹ̀ tí àfihàn ku díẹ̀. Abo kan ni, dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbà á dáadáa. Mi ò tíì rí i kí ìyá mi rẹ́rìn-ín báyẹn láti ìgbà tí a ti la ikùn èyí tó kú. Ó ní kí n má fọwọ́ mi tó ń rùn kan ọmọ ẹran òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú àfihàn, òjò àkọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ omi ti pẹ́ tí kò yọ, sítẹ́ẹ̀nì ìyá mi sì ti lọ sílẹ̀ débi pé garawa ń ha ilẹ̀ rẹ̀. Mo wà nínú ìlú, mo lọ ra okùn. Mo dúró sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan títí òjò náà fi rọlẹ̀, inú mi ń dùn, mo ń ro bí yóò ṣe máa dún lórí ike náà. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé wa, òjò ti di ọ̀winniwinni.

Abọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Abọ́ yí ikùn ewúrẹ́ mi ká láti ọrùn dé ìdí, ní ọ̀tún àti ní òsì: abọ́ irin, abọ́ rọ́bà, ìkòkò ọbẹ̀, garawa, pọ̀ọ́ ọmọ kékeré. Àwọn obìnrin àdúgbò dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n fi aṣọ borí, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, inú wọn dùn gan-an. Omi ń gun orí ìpẹ́ tútù wọ̀nyẹn kọjá, ó ń ṣàn wálẹ̀ ní etí wọn, ó ń dún wálẹ̀ sínú abọ́. Ó ń hó funfun léteetí. Kò sí òrùlé kankan ní àdúgbò yẹn tó lè gba omi tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tò ó, mo sì tò ó dáadáa.

"Ẹ wo iṣẹ́ yín!" ni ìyálé ilé tó ní kò rùn ju ọjà lọ pariwo sí mi. "Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa pé ti omi lẹ̀ ń ṣe!"

Ìyá mi wà láàárín wọn. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé omi wà. Ó gbé agbada àlùmíní rẹ̀ kalẹ̀, ó fi okùn ẹran wé ọwọ́, ojú rẹ̀ tí kò ríran tó ń wo omi náà bí ó ṣe ń ga sókè. Ewúrẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ikùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, abiyamọ ni. Ó na ọrùn, ó fi imú gbọ́ òórùn agbada náà, ó sì fi ẹnu kàn án.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé mo fi ẹsẹ̀ gbá agbada ìyá mi, ó fò, ó dà. Mo gbá èyí tó tẹ̀lé e. Mo gbá garawa, mo gbá ìkòkò, mo ń sáré yí ikùn náà ká, mo ń da omi nù, mo ń pariwo pé májèlé ni, oògùn koríko ni, ẹ má mu ún, ẹ má fún ẹran. Nígbà tí mo padà dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo abọ́ ti dojú bolẹ̀, ilẹ̀ pupa ti fa omi náà mu.

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ojú tí mo ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà níwájú mi, lórí gbogbo wọn pátá. Ètè wọn yọ gùn, imú wọn hunjọ, wọ́n ń fà sẹ́yìn kí nǹkan má baà ta sí wọn lára. Ọ̀kan tutọ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyálé ilé yẹn bú sẹ́kún, ó sì fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ kó má baà rí mi. Èmi ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó da omi nù.

"Oògùn koríko," ni ọ̀kan nínú wọn wá sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá wèrè sọ̀rọ̀. "Torí bídọ̀n tútù yìí? Òun kúkú la fi ń pọn omi nílé."

Àwọn tó kù mi orí. Òun ni wọ́n fi ń pọn omi nílé. Mo wo ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, èébì sì gùn mí lọ́fun gan-an. Mo bì, níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, sí ẹnu ọ̀fun tí mo fi táyà kọ́. Èmi nìkan ni iṣẹ́ ọnà mi mú bì.

Wọ́n ṣa abọ́ wọn, wọ́n lọ. Ìyá mi fa ẹran rẹ̀ lọ, agbada rẹ̀ lábẹ́ apá. Àwọsánmọ̀ ṣì ń kó jọ ní ìhà ìlà oòrùn, mo sì mọ̀ pé tí òmíràn bá tún rọ̀, abọ́ á padà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò ní lè dá a dúró. Mo gun òkè. Mo fi ọ̀bẹ gé okùn, mo ń fa ìpẹ́ tútù náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí lọ sí ọrùn. Ibi tó dára jù lára iṣẹ́ náà ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ike náà ń yọ̀ bọ́, ẹnu rẹ̀ ń ya mi lọ́wọ́, omi tó há sábẹ́ wọn ń ṣàn gba apá mi wọ abíyá. Láílọ́ọ̀nù rọ̀ wálẹ̀ bí mo ṣe ń tú u, ikùn náà ń wó wọ inú. Mo kó ìpẹ́ náà sínú àpò, mo dì í, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá mi dúró nísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ ìgbà tó padà dé. Kò fa ẹran lọ́wọ́. Búùtà rẹ̀ ló gbé dání, èyí tó fi ń ṣe àlùwàlá, tí omi ìrun ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì mú etí ìró rẹ̀, ó fi bo imú.

"Na ọwọ́ rẹ," ó ní.

Mo wo ilẹ̀, mo ń wá àwo kékeré náà. Kò gbé e wá. Mo na ọwọ́. Ó gbé búùtà sókè, ó sì ń da omi náà sí mi lọ́wọ́, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó dà á dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń ṣàn lọ sílẹ̀, kò wò ó, títí búùtà náà fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó mú ọwọ́ mi kan, ó gbé e súnmọ́ imú rẹ̀, ó sì tún fà sẹ́yìn.

"Ó ṣì ń rùn," ó ní, ó sì padà lọ ṣí sítẹ́ẹ̀nì.